Ọdún mẹ́fà péré ni Al Capone fi ṣe ọ̀gá ní Ṣìkágò

Bí wọ́n bá dárúkọ Ṣìkágò níbi tí àwọn èèyàn ti ń tàkúrọ̀sọ, kì í pẹ́ tí orúkọ Al Capone fi ń jáde. Bí wọ́n sì ṣe máa ń sọ ìtàn rẹ̀ nìyí: Capone ló dá ẹgbẹ́ ọ̀daràn ìlú náà sílẹ̀, Eliot Ness, òṣìṣẹ́ ìjọba tí kì í gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀, ló mú un, wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n, ẹgbẹ́ náà sì túká. Ìtàn yìí dùn létí o, àmọ́ irọ́ ló fi bẹ̀rẹ̀, irọ́ náà ló sì fi parí.

Nígbà tí Capone, tí wọ́n bí sí Brooklyn ní 1899, máa fi dé Ṣìkágò, ilé tí wọ́n ti kọ́ ló bá. James Colosimo, tí wọ́n ń pè ní Big Jim, ti ń fi ilé aṣẹ́wó àti tẹ́tẹ́ kówó jọ níbẹ̀ tipẹ́, ó sì ti bá àwọn olóṣèlú àdúgbò mulẹ̀. Johnny Torrio ló ń bá a bójú tó iṣẹ́. Ní oṣù Kìíní 1920, òfin tó ka ọtí léèwọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ káàkiri Amẹ́ríkà. Nígbà tó fi di oṣù Karùn-ún, wọ́n ti yìnbọn pa Colosimo nínú ilé oúnjẹ rẹ̀, Torrio sì ti gorí àlééfà. Torrio yìí ni èmi ka sí ọ̀mọ̀lé gan-an, nítorí òun ló bá àwọn ẹgbẹ́ yòókù pín àdúgbò, tó sì sọ ìwà jàǹdùkú di òwò. Ní oṣù Kìíní 1925, àwọn ọ̀tá yìnbọn fún un nítòsí ilé rẹ̀. Kò kú, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ rí màbo. Ó kó gbogbo rẹ̀ lé Capone lọ́wọ́, ó bá tirẹ̀ lọ. Ọmọ ọdún 26 ni Capone nígbà náà.

Láti 1925 sí 1931 ló fi wà lórí àlééfà, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ló wá dé tó fi jẹ́ òun nìkan la mọ̀? Capone fẹ́ràn kí wọ́n máa rí òun. Ó ń gba àwọn oníwèé ìròyìn lálejò, ó ń wọ aṣọ olówó ńlá, ó tún ṣí ilé kan tí wọ́n ti ń fún àwọn aláìríṣẹ́ ní ọbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí wọ́n to ọkùnrin méje mọ́ ògiri tí wọ́n sì yìnbọn pa wọ́n ní òpópónà North Clark ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì 1929, òun ni gbogbo ayé nàka sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ẹjọ́ kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi lórí ìpànìyàn yẹn títí dòní.

Ness ńkọ́? Lóòótọ́, òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ fọ́ ilé tí wọ́n ti ń pọn bíà, wọ́n sì kó ẹ̀sùn ọtí jọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn ọtí yẹn kọ́ ni wọ́n fi gbé Capone lọ sẹ́wọ̀n. Owó orí ni. (Ẹni tó bá ti sá fún agbowó-orí rí, kó má rẹ́rìn-ín.) Ní 1927, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ti sọ pé èèyàn gbọ́dọ̀ san owó orí lórí owó tó rí nídìí òwò tí òfin kọ̀ náà. Frank Wilson, òṣìṣẹ́ agbowó-orí, ló jókòó ti àwọn ìwé ìṣirò tí wọ́n gbà ní ilé tẹ́tẹ́, títí tó fi rí ohun tó ń wá. Ní oṣù Kẹwàá 1931, adájọ́ James Wilkerson sọ Capone sẹ́wọ̀n ọdún 11.

Ẹgbẹ́ náà kò sì túká. Kódà nígbà tí ìjọba mú èèwọ̀ kúrò lórí ọtí ní 1933, wọ́n kàn yí òwò padà ni. Lábẹ́ Frank Nitti, tó di ọ̀gá lẹ́yìn Capone, wọ́n gba àkóso ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé sinimá, wọ́n sì fi ìyẹn gba owó tó lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là lọ́wọ́ àwọn iléeṣẹ́ Hollywood. Nígbà tí àṣírí tú, tí ìjọba sì fẹ̀sùn kàn án ní 1943, Nitti yìnbọn pa ara rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin. Ó tún kú o, wọ́n ò túká.

Ẹni tó yẹ ká mọ̀ ni Tony Accardo. Ọmọ ẹ̀yìn Capone ni, àmọ́ kò kọ́ àṣejù ọ̀gá rẹ̀. Ó máa ń ti ẹlòmíì síwájú, bíi Sam Giancana, kí òun wà lẹ́yìn. Ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi lórí ọ̀rọ̀ owó orí ní 1960, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fagi lé e. Wọ́n pa Giancana nínú ilé rẹ̀ ní 1975. Wọ́n dá Joseph Aiuppa, ọ̀gá míì nínú ẹgbẹ́ náà, lẹ́bi ní 1986 nítorí owó tí wọ́n ń yọ nínú ilé tẹ́tẹ́ Las Vegas kí ìjọba tó mọ iye tó wọlé. Accardo ní tirẹ̀ kú ikú àgbà ní 1992, lẹ́ni ọdún 86.

Ọ̀rọ̀ "ẹbí" tí wọ́n ń lò fún irú ẹgbẹ́ yìí tún ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà, wọ́n rò pé bàbá ló ń fi í lé ọmọ lọ́wọ́. Ọmọ kan ṣoṣo ni Capone bí, kò sì jogún ipò náà. Wọn kì í tiẹ̀ ṣe ẹ̀yà kan náà: Júù ni Jake Guzik tó ń bá wọn tọ́jú owó; Wales ni àwọn òbí Murray Humphreys, tóun náà wà nínú ẹgbẹ́ náà, ti wá.

Níbi tí ọ̀rọ̀ ẹbí ti wọ̀ ọ́ ni ti Frank Calabrese, ọ̀kan lára ẹgbẹ́ náà. Ní 1998, ọmọ rẹ̀ tí wọ́n jọ wà lẹ́wọ̀n kọ lẹ́tà sí FBI, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà, pé òun á ràn wọ́n lọ́wọ́. Bàbá ń ròyìn ìpànìyàn fún ọmọ nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n, ẹ̀rọ tó wà lára ọmọ sì ń gbà á sílẹ̀. Nick, àbúrò Frank, náà wá jẹ́rìí lórí ẹjọ́ tó dá lé ìpànìyàn 18. Ọdún 2007 ni wọ́n dá Frank lẹ́bi, ọdún 76 lẹ́yìn ti Capone.