Henry Renny-Tailyour àti Ìbẹ̀rẹ̀ Fífi Bọ́ọ̀lù Ránṣẹ́ Síra Ẹni

Ọ̀nà tí gbogbo ayé ń gbà gbá bọ́ọ̀lù lónìí, tí ẹni tí bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ń wá ibi tí ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ dúró sí kí ó lè fi ránṣẹ́ sí i, kọ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ eré náà. Nígbà tí ẹgbẹ́ FA, ìyẹn àjọ tí ń darí eré bọ́ọ̀lù ní England, kọ òfin àkọ́kọ́ rẹ̀ ní ìlú London ní ọdún 1863, ẹnikẹ́ni tí ó bá wà níwájú bọ́ọ̀lù kò ní ẹ̀tọ́ láti dá sí eré mọ́. Nítorí náà, ohun tí agbábọ́ọ̀lù lè ṣe kò ju kí ó máa fi ẹsẹ̀ da bọ́ọ̀lù lọ bí ẹni tí ó ń da ẹran, kí àwọn yòókù sì máa sáré tẹ̀ lé e, bóyá bọ́ọ̀lù yóò bọ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ní ọdún 1866 ni wọ́n tún òfin náà ṣe, pé bí alátakò mẹ́ta bá ṣì wà láàárín agbábọ́ọ̀lù kan àti ojú ilé, ó lè gba bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá sí i láti ẹ̀yìn. Òfin ti yọ̀ǹda, ṣùgbọ́n ó pẹ́ díẹ̀ kí àwọn ènìyàn tó mọ ohun tí wọ́n lè fi ìyọ̀ǹda náà ṣe.

Àwọn kan fi oríyìn ohun tí ó tẹ̀ lé e fún ẹgbẹ́ Queen's Park ní Glasgow, àwọn mìíràn fún àwọn ará Sheffield, ẹjọ́ wọn sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní tèmi, ibi tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ yà sí ni àgọ́ ológun Chatham ní ẹkùn Kent, níbi tí àwọn ọ̀gá ológun Royal Engineers, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kíkọ́ afárá àti odi fún ọmọ ogun Ọbabìnrin Victoria, ti ń kọ́ṣẹ́. Wọ́n jọ ń gbé, wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, kò sì sí afárá tí ẹnì kan ṣoṣo lè dá tẹ́. Ọ̀gágun Francis Marindin, tí ó ti lọ jagun ní Crimea, ni ó kó wọn jọ di ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù, bí wọ́n sì ṣe jọ ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n ṣe ń fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ síra wọn.

Láàárín wọn ni Henry Waugh Renny-Tailyour wà. Ìlú Mussoorie ní Íńdíà ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹwàá ọdún 1849, ṣùgbọ́n ọmọ Scotland ni. Ó kàwé ní Cheltenham College, ó sì kọ́ṣẹ́ ológun ní Woolwich. Kò sí eré tí kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ó gbá kíríkẹ́ẹ̀tì fún Kent láti ọdún 1873 títí di 1883, àti ní ọdún 1880, nígbà tí Royal Engineers ń bá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ṣeré, òun nìkan kó ayò 331, alátakò kò sì rí i lé kúrò lójú pápá.

Pápá kíríkẹ́ẹ̀tì náà ni bọ́ọ̀lù ń yá lò nígbà òtútù. Ní Kennington Oval, tí ó jẹ́ pápá àwọn ará Surrey, Renny-Tailyour gbá rọ́gbì fún Scotland ní oṣù Kejì ọdún 1872. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹta ọdún náà, ó bá Royal Engineers gbá àṣekágbá Ife-ẹ̀yẹ FA àkọ́kọ́ níbẹ̀, níwájú nǹkan bí 2,000 òǹwòran. Àwọn ológun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé yóò borí. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí eré bẹ̀rẹ̀ tí egungun èjìká Edmund Cresswell, ọ̀kan lára àwọn ológun náà, fi ṣẹ́. Kò sí ẹni tí ó lè rọ́pò rẹ̀, nítorí òfin kò gbà á, ó sì fi ìrora náà gbá eré náà dé òpin. Ẹgbẹ́ Wanderers fi ayò 1 sí òdo borí wọn. Mo ka ìdúróṣinṣin Cresswell yìí sí ohun tí ó ga ju ife náà lọ.

Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹta ọdún 1873, lórí pápá yìí kan náà, Renny-Tailyour gbá góòlù wọlé fún Scotland lọ́wọ́ England. Góòlù àkọ́kọ́ tí Scotland jẹ nínú ìdíje láàárín orílẹ̀-èdè nìyẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé England borí pẹ̀lú 4 sí 2. Títí di òní, òun nìkan ni ó ti gbá rọ́gbì àti bọ́ọ̀lù fún Scotland.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1873, àwọn ológun náà rìnrìn àjò lọ ṣeré ní Nottingham, Derby àti Sheffield, àwọn ará ìlú wọ̀nyí sì fi ojú ara wọn rí bí ọkùnrin mọ́kànlá ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù síra wọn. Oxford University gba ife mọ́ wọn lọ́wọ́ ní ọdún 1874, ṣùgbọ́n ní 1875 ó kàn wọ́n. Wọ́n gbá ọ̀mì 1 sí 1 pẹ̀lú Old Etonians, ẹgbẹ́ àwọn tí wọ́n ti kàwé ní ilé-ìwé Eton, wọ́n sì fi 2 sí òdo borí nínú àtúngbá. Renny-Tailyour gbá góòlù wọlé nínú eré méjèèjì.

Àṣekágbá mìíràn tí wọ́n dé ní ọdún 1878, Wanderers ló gbà á pẹ̀lú 3 sí 1. Lẹ́yìn náà, eré bọ́ọ̀lù bọ́ sọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ìhà àríwá, àwọn Blackburn Olympic sì fi fífi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ síra ẹni gba ife lọ́wọ́ Old Etonians ní ọdún 1883. Marindin, tí ó di ààrẹ FA ní 1874, wà ní ipò náà títí di 1890, ó sì jẹ́ adarí eré ní ọ̀pọ̀ àṣekágbá. Renny-Tailyour fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀ pẹ̀lú oyè kọ́nẹ́ẹ̀lì, ó di ọ̀kan lára àwọn olùdarí ilé-iṣẹ́ ọtí Guinness ní Dublin, ó sì kú ní ilé rẹ̀ ní Newmanswalls, nítòsí Montrose, ní oṣù Kẹfà ọdún 1920.