Ìwúwo Ẹ̀rọ Kọ́ Ló Ń Di Pákó Mú

Ọjọ́ kẹta Iléyá là ń ṣe Ojúde Ọba. Ọjọ́ kẹrin ni wàhálà tèmi máa ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí àwọn ará Èkó bá ń kẹ́rù padà. Ẹnì kan á ti gbé alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin wálé, irú èyí tí wọ́n fi ń wọ oko tàbí tí wọ́n fi ń ṣeré nínú iyẹ̀pẹ̀, ó wá fẹ́ gbé e gun píkọ́ọ̀pù. Á fi pákó méjì ti ẹ̀yìn ọkọ̀, orí kan nílẹ̀, orí kejì létí bọ́ọ̀dì. Màá ní kó so pákó yẹn mọ́ ọkọ̀ o. Á rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀. Nǹkan tó wúwo báyìí, pákó wo ló máa rìn lábẹ́ ẹ̀?"

Ẹ jẹ́ ká fi ti pákó tó ṣẹ́ sílẹ̀. Pákó tó ti jẹrà tàbí tó ní kókó láàárín, ta ni kò mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí wọ́n ń gbé ẹ̀rọ lé? Bó bá sì jẹ́ ráńpù onírin, èyí tí wọ́n ń lò dípò pákó, lẹ rà, wọ́n máa ń kọ ìwúwo tó lè gbé sí i. Ẹ sáà bi ara yín bóyá méjèèjì pa pọ̀ ni wọ́n kọ ọ́ fún tàbí ẹyọ kan, kẹ́ ẹ sì ka ẹni tó jókòó lórí ẹ̀rọ mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ ìwúwo yìí ló ń bí mi nínú. Òótọ́ ni pé ìwúwo ń tẹ pákó mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá ń fi okùn fa ẹ̀rọ náà gòkè díẹ̀díẹ̀, pákó lè má mira rárá. Àmọ́ kì í ṣe fífà ni wọ́n ń fà á, wọ́n ń gùn ún ni. Táyà ló ń ti ẹ̀rọ síwájú, táyà kì í sì í ti ẹ̀rọ síwájú láìti ohun tó tẹ̀ mọ́lẹ̀ sẹ́yìn. Ẹ wo ọ̀kadà lọ́nà oko lásìkò òjò, bó ṣe ń da ẹrẹ̀ sí ẹni tó wà lẹ́yìn láṣọ. Ṣé ọ̀kadà yẹn ò wúwo ni? Lórí títì, ilẹ̀ ni táyà ń tì, ilẹ̀ ò sì níbi tó ń lọ. Lórí pákó, pákó ló ń tì.

Òkè pátápátá ló ti máa ń ṣẹlẹ̀. Táyà iwájú á kan etí bọ́ọ̀dì, ẹ̀rọ á dúró díẹ̀, ẹni tó ń gùn ún á wá tẹ tọ́tù, ohun tó ń mú ẹ̀rọ sáré, kó lè wọlé. Táyà iwájú wọlé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n apá kan ìwúwo tí wọ́n ní yóò di pákó mú ti bá a wọnú ọkọ̀ lọ, ó ku táyà ẹ̀yìn, òun gan-an ló sì ń fi gbogbo agbára ti pákó sẹ́yìn. Ìka mẹ́rin péré ni pákó ọ̀hún fi gbé orí bọ́ọ̀dì. Bí háńbíréèkì ò bá sì di ọkọ̀ mú dáadáa, ọkọ̀ náà á sún síwájú. Kí ló tún kù?

Ẹni kan náà yìí, bó bá fẹ́ gun àkàbà lọ tún páànù ṣe, á pe ọmọ kó wá di ẹsẹ̀ àkàbà mú. Mo ti bi í rí pé ṣé òun fúnra rẹ̀ ò wúwo tó ni. Kò dáhùn.

Wọ́n tún ń gé pákó kúrú. Ẹsẹ̀ bàtà 12 ni pákó tí wọ́n ń là tà fún wa máa ń gùn. Èèyàn wa á ra ẹyọ kan, á ní kí káfíńtà gé e sí méjì: owó kan, ráńpù méjì. (Wọ́n ní àwa Ìjẹ̀bú mọ owó ṣọ́.) Etí bọ́ọ̀dì ga tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 3 sílẹ̀. Lórí pákó ẹsẹ̀ bàtà 6, agbára tó tó ìdajì ìwúwo ẹ̀rọ ló ń fà á padà sísàlẹ̀. Lórí odindi pákó, ìdámẹ́rin ni. Bí ẹ̀rọ bá jẹ́ kílò 300, ìyàtọ̀ tó wà láàárín 150 àti 75 nìyẹn. Lórí èyí tó dagun bẹ́ẹ̀, imú ẹ̀rọ lè gbé sókè, kó yí sẹ́yìn lé ẹni tó gùn ún lórí. Pákó gígùn máa ń tẹ̀ láàárín ṣá, ó gbọ́dọ̀ nípọn.

Mi ò sọ pé gbogbo pákó tí wọn ò so ló ń yọ̀. Púpọ̀ nínú wọn kì í yọ̀, ohun tó sì jẹ́ kí ìgbàgbọ́ yìí pẹ́ láyé nìyẹn. Ẹni tó ti gùn ún lẹ́ẹ̀mẹwàá láìsí ewu, kí ni màá fi yí i lọ́kàn padà? Ó ṣeé ṣe kí ilẹ̀ gbígbẹ àti ọwọ́ jẹ́jẹ́ tó fún un. Ó ṣeé ṣe.

Síbẹ̀, ẹ má dúró sẹ́yìn ẹ̀rọ tó ń gòkè. Ọmọ tó bá sáré wá pé òun fẹ́ bá yín tì í, ẹ lé e. Irin abẹ́ ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ so pákó mọ́, kì í ṣe bọ́ńpà oníke, kẹ́ ẹ sì fa okùn náà le kí táyà tó kan pákó.

Èyí tó rẹ́rìn-ín yẹn, mo tún bá a lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ó ti so pákó ọ̀tún. Ti òsì, ó ní okùn ò tó.