Èhù tó sorí kọ́ nínú ilé

Èhù tó sorí kọ́ ni irúgbìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù nínú ike tàbí àwo inú ilé, tí ewé rẹ̀ rọ, tí ọ̀pá rẹ̀ tẹ̀ tàbí tó wó lélẹ̀. Kì í ṣe orúkọ àrùn kan. Àmì ni, ohun tó sì lè fà á pọ̀: òùngbẹ, omi àpọ̀jù, ìjẹrà ìdí èhù, àìtó ìmọ́lẹ̀, ajílẹ̀ tó le jù, ooru, tàbí gbòǹgbò tó já nígbà tí wọ́n ń ṣí i nípò. Méjì tó wọ́pọ̀ jù nínú wọn, òùngbẹ àti omi àpọ̀jù, jọ ara wọn bí ìbejì, bẹ́ẹ̀ ìtọ́jú ọ̀kan ni ikú èkejì.

Èhù kò tíì ní igi líle lára. Omi tó kún inú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ló mú un nàró, bí afẹ́fẹ́ ṣe ń mú táyà kẹ̀kẹ́ le. Omi yìí ń gba ihò tín-ín-tìn-ìn ara ewé jáde sínú afẹ́fẹ́, gbòǹgbò sì ń fa òmíràn wá dí i. Nígbà tí èyí tó ń jáde bá ju èyí tó ń wọlé, sẹ́ẹ̀lì á dẹ̀, ewé á sì rọ.

Bí òùngbẹ ṣe ń ṣe èyí kò ṣòroó mọ̀. Omi àpọ̀jù ló ń ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Àlàfo kéékèèké wà láàárín ẹyọ ilẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbé, ọ́síjìn inú rẹ̀ ni gbòǹgbò sì fi ń ṣiṣẹ́. Bí omi bá dí àlàfo wọ̀nyí fún ọjọ́ mélòó kan, gbòǹgbò kò ní lè mí, kò sì ní lè fa omi mọ́. Ewé á wá rọ nígbà tí ìdí èhù wà nínú omi. Ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ á rò pé òùngbẹ ni, á tún bu omi sí i.

Yíyẹ ìdí rẹ̀ wò

Ilẹ̀ ni a kọ́kọ́ ń wò, kì í ṣe ewé. Kí a ti ìka bọ ilẹ̀ dé nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2, nítorí òkè ilẹ̀ lè gbẹ kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì tutù. Gbígbé ike sókè tún dára ju èyí lọ: ike tó gbẹ máa ń fúyẹ́, èyí tó mu omi máa ń wúwo, ọwọ́ kì í sì í pẹ́ mọ ìyàtọ̀ náà.

Bí ilẹ̀ bá gbẹ, tó fà sẹ́yìn kúrò létí ike, òùngbẹ ni. Bí kò bá tíì pẹ́ jù, èhù náà á tún nàró láàárín wákàtí mélòó kan tó bá ti rí omi. Àmọ́ ilẹ̀ àpòpọ̀ inú àpò tó bá gbẹ jù kì í tètè gba omi. Omi á kàn gba ẹ̀gbẹ́ ike sọ̀ kalẹ̀, á jáde nísàlẹ̀, ọkàn ilẹ̀ á sì gbẹ síbẹ̀. Irú èyí ni kí a gbé ka inú omi títí tí òkè rẹ̀ fi máa rin.

Bí ilẹ̀ bá tutù rin tí ewé ìsàlẹ̀ sì ń di àwọ̀ ìyeyè, omi ti pọ̀ jù. Òkè ilẹ̀ lè hu nǹkan aláwọ̀ ewé, ó lè máa rùn, eṣinṣin dúdú kéékèèké sì lè máa fò láti inú rẹ̀. Ìdin wọn a máa jẹ gbòǹgbò wẹ́wẹ́. Bí iyèméjì bá ṣì wà, a lè fi èhù kan rúbọ, ká fà á tu. Gbòǹgbò tó yè funfun, ó sì le. Èyí tó ti jẹrà á pọ́n bí omi ẹrẹ̀, awọ rẹ̀ á bọ́ sọ́wọ́, á ku fọ́nrán bí òwú.

Ìjẹrà ìdí èhù yàtọ̀ sí gbogbo èyí, nítorí òjijì ló ń ṣẹlẹ̀. Èhù tó dúró dáadáa lálẹ́ lè ti wó kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọ̀pá rẹ̀ á fún pinpin níbi tó ti kan ilẹ̀, bíi pé wọ́n fi òwú so ó, nígbà tí ewé rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀. Àwọn kòkòrò àìfojúrí bíi Pythium, Rhizoctonia àti Fusarium ló ń fà á. Èhù tó bá ti mú kò ṣeé gbà là; kí a yọ ọ́ tòun ti ilẹ̀ ìdí rẹ̀, kí a dín omi kù, kí a sì jẹ́ kí atẹ́gùn máa fẹ́ sí àwọn tó kù. Ohun tó ń dènà rẹ̀ ni ilẹ̀ tuntun, àìfún irúgbìn pọ̀ lójú kan, àti ike tí a ti fi bílíìṣì ìwọ̀n 1 nínú omi ìwọ̀n 9 fọ̀.

Èhù tó ga tẹ́ẹ́rẹ́, tí àwọ̀ rẹ̀ ṣá, tó sì ń tẹ̀ sọ́nà fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ ló ń wá. Omi kò wo èyí sàn. Ní ọdún 1880 ni Charles Darwin, onímọ̀ nípa ohun alààyè, àti Francis ọmọ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde pé tí a bá bo góńgó èhù koríko, kì í tẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀ mọ́: orí ló ń mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló ń tẹ̀. Wákàtí 14 sí 16 lábẹ́ iná lójúmọ́ tó fún ọ̀pọ̀ ohun ọ̀gbìn. Iná fluorescent (iná ọ̀pá) lè sún mọ́ ewé tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10. Iná LED tó lágbára ń fẹ́ kí a gbé e jìnnà jù bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan wà tí kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Ewé ẹ̀wà máa ń rọlẹ̀ lálẹ́, á sì tún gbéra lówùúrọ̀, bí patanmọ́ ṣe ń pa ewé tirẹ̀ dé. Ẹ̀kán omi tó wà létí ewé láàárọ̀ náà kì í ṣe àrùn. Gbòǹgbò ló ti omi jáde lóru.

Bíbomi rin

Bí ilẹ̀ bá ṣe rí ló ń sọ ìgbà tí omi tọ́, kì í ṣe ọjọ́ inú ọ̀sẹ̀. Kí a bomi rin ín títí tí yóò fi jáde níhò ìsàlẹ̀, kí a da èyí tó kù nínú àwo abẹ́ rẹ̀ nù, kí a wá fi í sílẹ̀ kí òkè rẹ̀ gbẹ díẹ̀. Ike tí kò ní ihò kò yẹ fún èhù rárá. Gbígbé ike ka inú omi fún bí ìṣẹ́jú 20 sí 30 dára, nítorí kì í gbá irúgbìn wẹ́wẹ́ lọ, kì í sì í rin ọ̀pá. Omi tí wọ́n fi ẹ̀rọ oníyọ̀ sọ di rírọ̀ kò dára, torí sódíọ̀mù, èròjà inú iyọ̀, tó wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá fi ọ̀rá tàbí ìdérí bo àwo, kí wọ́n ṣí i nígbà tí púpọ̀ bá ti hù.

Ajílẹ̀

Irúgbìn gbé oúnjẹ tirẹ̀ wá. Lára ọ̀pọ̀ ohun ọ̀gbìn, ewé méjì tó kọ́kọ́ jáde ni àpò oúnjẹ náà. Èyí tó bá tẹ̀ lé wọn, tó jọ ewé ìyá rẹ̀, ni ewé gidi. Kò sí ìdí láti fún un ní ajílẹ̀ kí ewé gidi tó yọ. Lẹ́yìn náà, ajílẹ̀ olómi tí a pò dé ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tí wọ́n kọ sára ike rẹ̀ tó lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Bó bá dàgbà sí i, ó lè di ìlàjì. A kì í bu ajílẹ̀ sí ilẹ̀ gbígbẹ, a kì í sì í fi í tọ́jú èhù tó ti rọ. Iyọ̀ inú rẹ̀ tó bá pọ̀ kò ní jẹ́ kí gbòǹgbò rí omi fà, etí ewé á jó, nǹkan funfun bí eérú á sì bo òkè ilẹ̀. Omi lásán tí a dà gba inú ilẹ̀ náà kọjá dáadáa ló ń ṣan iyọ̀ náà lọ.

Ewé àtijọ́ tó ń di ìyeyè nígbà tí tuntun ṣì tutù lè jẹ́ àìtó náítírójìn, ọ̀kan lára oúnjẹ inú ajílẹ̀. Bó bá jẹ́ ewé tuntun ló ń di ìyeyè, tí iṣan rẹ̀ ṣì ní àwọ̀ ewé, àìtó irin ni a máa ń fura sí. Abẹ́ ewé tòmátì tó di àwọ̀ àlùkò ń tọ́ka sí àìtó fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, oúnjẹ ohun ọ̀gbìn mìíràn, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì náà wà nínú ilẹ̀. Òtútù ni kò jẹ́ kí gbòǹgbò lè fà á. Bí ilẹ̀ náà bá móoru, ewé tuntun tó máa jáde á ní àwọ̀ tó yẹ láìfi ajílẹ̀ kankan kún un.