Iye kìlómítà kan, wákàtí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: bí wọ́n ṣe ń wọn ìrìn bàálù

Bí ẹ bá béèrè iye kìlómítà tó wà láàárín pápákọ̀ òfurufú Heathrow ní London àti JFK ní New York, nǹkan bíi 5,540 ni wọ́n máa sọ fún yín. Iye yẹn kì í yí padà. Wákàtí tí bàálù ń lò lójú ọ̀nà ló ń yí: láti London sí New York, ó lè tó 8, ní àbọ̀, ó lè má pé 7.

Ayé rí roboto, torí náà ọ̀nà tó kúrú jù kì í ṣe èyí tó gún régé lójú máàpù. Ẹ fa okùn le lórí bọ́ọ̀lù láti ojú kan sí òmíràn. Ibi tí okùn náà bá gbà ni ọ̀nà tó yá jù. Òun ni wọ́n ń wọ̀n. Lórí máàpù tó tẹ́ pẹrẹsẹ, ńṣe ló máa tẹ̀. Ìdí nìyẹn tí bàálù tó gbéra ní London fi ń kọ́kọ́ forí lé apá àríwá díẹ̀, bẹ́ẹ̀ gúúsù ni New York wà sí London. Àwọn èrò tó ń wo máàpù iwájú ìjókòó wọn a máa rò pé awakọ̀ ń yípo lásán.

Bàálù ńlá tó ti dé òkè ń sá eré bíi 900 kìlómítà ní wákàtí kan. Ẹ fi 900 pín 5,540, wákàtí 6 lé díẹ̀ ló máa já sí. Ṣùgbọ́n àkókò tí iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ń kọ síwèé bẹ̀rẹ̀ látìgbà tí bàálù bá ti ṣí kúrò ní àyè rẹ̀, títí di ìgbà tó bá gúnlẹ̀ sí àyè mìíràn. Rírìn lórí ilẹ̀ àti dídúró de àwọn tó wà níwájú wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀fúùfù wá ni ọ̀gá gbogbo rẹ̀. Ní nǹkan bíi kìlómítà 10 sókè, ẹ̀fúùfù líle kan ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn. Ó ń ti bàálù tó ń lọ sí London lẹ́yìn, ó sì ń kọjú ìjà sí èyí tó ń lọ sí New York. Ní oṣù Kejì 2020, nígbà ìjì ńlá kan, bàálù British Airways fi wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 56 fò láti New York dé London. Bí ẹni tó wà nílẹ̀ bá wọn eré rẹ̀, ó ju 1,200 kìlómítà ní wákàtí kan lọ. Àwọn kan ní ó ti yára ju ìró lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀: afẹ́fẹ́ tó ń fò nínú rẹ̀ náà ń sáré, eré tó máa ń sá tẹ́lẹ̀ ló sá nínú rẹ̀.

Ìjà àwọn orílẹ̀-èdè náà ń dá kún un. Ṣáájú 2022, bàálù Finland ń gba òfurufú Rọ́ṣíà láti Helsinki lọ sí Tokyo, bíi wákàtí 9 sí 10 ni. Látìgbà tí Rọ́ṣíà ti ti òfurufú rẹ̀ mọ́ wọn, ó ti di bíi 13.

Ẹ má sì yọ aago ìgbéra kúrò nínú aago ìgúnlẹ̀ tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì, torí aago ìlú kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kọ. Los Angeles fi wákàtí 16 tàbí 17 wà lẹ́yìn Tokyo. Ẹni tó bá kúrò ní Tokyo ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, tó sì fò fún wákàtí 10, àárọ̀ ọjọ́ kan náà ló máa dé Los Angeles.