Bí CO2 tó ń ti inú igbó àti òkun jáde bá pọ̀ ju tiwa lọ, ẹ̀bi ta ni?

Ìbéèrè: Wọ́n ní nínú gbogbo gáàsì CO2 (èyí tí à ń mí síta, tí iná náà sì ń tú jáde) tó ń wọ inú afẹ́fẹ́ lọ́dún, tọmọ ènìyàn ò ju nǹkan bíi 5 nínú 100 lọ, igbó, ilẹ̀ àti òkun ló ni ìyókù. Ṣé òótọ́ ni? Tó bá jẹ́ òótọ́, kí ló dé tí gbogbo ẹjọ́ bí CO2 ṣe ń pọ̀ sí i nínú afẹ́fẹ́ fi wà lọ́rùn wa?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n apá kan ọ̀rọ̀ lẹ gbọ́. Igbó àti òkun tó ń tú CO2 jáde yìí náà ló ń gbà á padà. Ká ní ìyá ọlọ́jà kan ń pa mílíọ̀nù kan náírà lóṣù, tó sì ń ná gbogbo rẹ̀ tán: owó inú àpótí rẹ̀ ò lé, kò dín. Ọmọ rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi 50,000 ránṣẹ́ lóṣooṣù. Ìyá ń ná bí ìdajì rẹ̀, ó ń fi ìyókù pamọ́. Owó ọmọ kéré gan-an sí towó ọjà, síbẹ̀ òun ló ń mú kí àpótí kún.

Èédú, epo rọ̀bì, gáàsì, sìmẹ́ńtì àti igbó tí à ń pa run ń tú nǹkan bíi 40 bílíọ̀nù tọ́ọ̀nù CO2 sáfẹ́fẹ́ lọ́dún. Bí ìdajì rẹ̀ ló ń dúró síbẹ̀. Òkun àti ewéko ló ń gba ìyókù. Ìyẹn ni pé ohun tí wọ́n ń gbà ju ohun tí wọ́n ń tú jáde lọ. Ó máa ń dùn mí bí àwọn ènìyàn bá tún wá di ẹ̀bi ru òkun àti ewéko.

Ìbéèrè: Ta ló wọ̀n ọ́n?

Ìdáhùn: Ní 1958, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Amẹ́ríkà kan, Charles David Keeling, bẹ̀rẹ̀ sí í wọn CO2 lórí òkè Mauna Loa ní Hawaii. Nígbà náà, ó jẹ́ nǹkan bíi ìdá 315 nínú mílíọ̀nù kan ìdá afẹ́fẹ́. Ó ti kọjá 420 báyìí. Lọ́dọọdún ló máa ń lọ sílẹ̀ díẹ̀ nígbà tí ewé bá rú ní ìhà àríwá ayé, tí á sì tún gòkè nígbà tí ewé bá wọ́. Afẹ́fẹ́ tó há sínú yìnyín Antarctica láti 800,000 ọdún sẹ́yìn fi hàn pé kò kọjá nǹkan bíi 300 rí kó tó kan ìgbà tiwa.

Ìbéèrè: Ṣé kì í ṣe òkè ayọnáyèéfín ló fà á?

Ìdáhùn: Rárá o. Tiwọn lọ́dún kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún tiwa. Ẹ̀rí tó wà nínú gáàsì náà fúnra rẹ̀ tún lágbára ju ìyẹn lọ. Ohun tó bá wà láàyè máa ń ní kábọ́ọ̀nù-14 lára, ìyẹn oríṣi kan nínú kábọ́ọ̀nù tó wà nínú CO2, èyí tó máa ń dín kù díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ikú. Epo àti èédú ti pẹ́ lábẹ́ ilẹ̀ débi pé kò ṣẹ́ ku nínú wọn mọ́. Ní 1955, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Hans Suess, kọ̀wé pé kábọ́ọ̀nù-14 inú igi ìgbà tiwa ti dín kù, torí CO2 epo àti èédú ti dà pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́. Ọ́síjìn náà ń dín kù bí iná ṣe ń jẹ ẹ́. Òkè ayọnáyèéfín ò lè mú kí ọ́síjìn dín kù bẹ́ẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé inú òkun ló ti ń jáde ni, kábọ́ọ̀nù inú òkun ì bá máa dín kù, àmọ́ ńṣe ló ń pọ̀ sí i.

Ìbéèrè: Iná tí àwọn àgbẹ̀ wa ń sun lóko nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ńkọ́?

Ìdáhùn: Bó bá jẹ́ koríko ni, èyí tó bá hù nígbà òjò á gba CO2 náà padà, bí iná ò bá ba ilẹ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n igbó tí wọ́n gé, tí wọn ò jẹ́ kó hù padà mọ́, wà nínú 40 bílíọ̀nù yẹn. Gáàsì tí wọ́n ń sun dànù níbi tí wọ́n ti ń wa epo ní Niger Delta náà wà níbẹ̀.