Ṣé rọ́bà ìtọ̀ tí wọ́n fi oògùn bò kì í kó kòkòrò?

Bí dókítà bá ní kí ẹbí lọ ra rọ́bà ìtọ̀, èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní kátítà, ohun tó máa ń wá sọ́kàn wọn ni pé kí wọ́n ra èyí tó wọ́n jù, tí wọ́n fi fàdákà tàbí oògùn apakòkòrò bò. Wọ́n á ní kòkòrò kankan ò lè gbé orí ẹ̀, pé ó lè wà lára bàbá títí iṣẹ́ abẹ prostate wọn á fi kàn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, èrò yìí sì léwu. Iye ọjọ́ tí rọ́bà bá lò lára ló ń fa àkóràn ju irú rọ́bà tó jẹ́ lọ. Nínú 100 aláìsàn tí rọ́bà wà nínú àpò ìtọ̀ wọn, bíi 3 sí 7 ni kòkòrò ń ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú ìtọ̀ wọn lójoojúmọ́. Kó tó pé oṣù kan, ó kù díẹ̀ kó kárí gbogbo wọn.

Wọ́n ti dán an wò dáadáa. Ìwádìí kan tí èsì rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn Lancet lọ́dún 2012 gba aláìsàn tó lé ní 7,000 wọlé ní ilé ìwòsàn ìjọba (NHS) 24 ní Britain. Gbogbo wọn ló fẹ́ lo rọ́bà fún ìgbà díẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ 6, nínú àwọn tó lo rọ́bà tí wọ́n fi PTFE lásán bò (irú ike kan tí kò ní oògùn nínú), àkóràn mú 12.6 nínú 100. Nínú àwọn tó lo ti fàdákà, ó jẹ́ 12.5. Èyí tí wọ́n fi oògùn nitrofurazone sí ṣe díẹ̀, ó jẹ́ 10.6, ṣùgbọ́n kò tó ìyàtọ̀ tí àwọn olùwádìí ti sọ tẹ́lẹ̀ pé yóò wúlò fún aláìsàn, ara sì ń ni àwọn tó lò ó ju àwọn yòókù lọ.

Fàdákà ò lágbára láìjẹ́ pé ó kúrò lójú rọ́bà, kó sì kan kòkòrò. Kò sì ní pẹ́ rárá tí rọ́bà bá ti wọlé, èròjà purotéènì àti iyọ̀ inú ìtọ̀ á ti bo ojú ẹ̀. Kòkòrò tó kọ́kọ́ dé lè kú lóòótọ́, àmọ́ òkú wọn á lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn á jókòó lé wọn lórí, wọ́n á sì fi ikun bo ara wọn. Èyí tó burú jù ni Proteus mirabilis. Ó ń sọ yúríà inú ìtọ̀ di amóníà, ìtọ̀ á wá kúrò ní ekan, èròjà magnesium, calcium àti fọ́sífeètì á sì dì bí òkúta wẹ́wẹ́ sára rọ́bà títí ihò rẹ̀ á fi dí. Lábẹ́ òkúta yẹn ni fàdákà wà. Kò lè kan kòkòrò kankan mọ́.

Nítorí náà, kì í ṣe pé kí wọ́n tún da oògùn sí i. Ojú rọ́bà gan-an ni ká wò. Sílíkónì, ohun rírọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ rọ́bà ìtọ̀, kì í gba nǹkan mọ́ra. Tí ẹ bá kán omi sí i, ẹ̀kán náà á dúró roboto, igun rẹ̀ á lé ní 100 dígírì. Ohunkóhun tí wọ́n bá kàn kùn lé e lórí, tí rọ́bà bá ti tẹ̀, ó ti bó nìyẹn. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà á kọ́kọ́ fi ọtí isopropyl nù ún, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ, wọ́n á gbé e sínú àpótí tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, wọ́n á sì fi plasma ọ́síjìn (ọ́síjìn tí wọ́n fi iná mànàmáná ru sókè) nà án fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá. Lẹ́yìn náà, omi tí ẹ bá kán sí i á tẹ́ pẹrẹsẹ.

Ibí ni wàhálà ti máa ń wọlé. Tí wọ́n bá fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, àwọn èròjà kéékèèké inú sílíkónì á gòkè wá bo ojú tí wọ́n ti tún ṣe, ó sì lè padà sí bó ṣe wà. Kíákíá ló yẹ kí wọ́n kun ohun tí wọ́n fẹ́ kùn. Tí plasma bá sì pọ̀ jù, ojú rọ́bà á le bíi gíláàsì, á sán nígbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, gbogbo ohun tó wà lórí ẹ̀ á sì bá a ṣí. Plasma kì í sì í tètè wọ inú ihò rọ́bà tó tín-ín-rín, tó gùn tó 40 sẹ̀ǹtímítà. Inú ihò yẹn kan náà ni kòkòrò máa ń gbà gòkè láti inú àpò tó ń gba ìtọ̀.

Ọ̀nà mìíràn ni èròjà tí wọ́n ń pè ní dopamine: mílígíráàmù 2 nínú mílílítà kọ̀ọ̀kan omi Tris, omi tí kì í jẹ́ kí ìwọ̀n ekan (pH) tètè yí padà, tí pH rẹ̀ jẹ́ 8.5, wọ́n á rì rọ́bà sínú rẹ̀ fún wákàtí 24. Ó ń fi awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó dúdú díẹ̀ bo nǹkan tinú-tẹ̀yìn, níwọ̀n ìgbà tí omi náà bá ti ń ṣàn gba inú ihò. Tí wọ́n bá wá rì í sínú omi silver nitrate, ìyẹn iyọ̀ fàdákà, awọ náà fúnra rẹ̀ á sọ fàdákà di ẹ̀rún mọ́ ara rẹ̀. Lójú tiwa, ọ̀nà yìí dára ju kíkùn lásán lọ, torí pé ohun tó so fàdákà mọ́ rọ́bà wà níbẹ̀.

Yíyọ̀ náà ṣe pàtàkì bí oògùn, torí ojú ọ̀nà ìtọ̀ tí rọ́bà bá ti họ ni kòkòrò ń gbà wọ ara. PVP, irú ike kan tó ń fa omi mọ́ra, ni wọ́n sábà máa ń lò. Tó bá mu omi, á máa yọ̀ bí ilá. Wọ́n gbọ́dọ̀ so ó pọ̀ mọ́ra, wọ́n sì lè fi ìtànṣán UV ṣe é: tí kò bá so tó, á máa já wẹ́wẹ́ sínú ara, tó bá so jù, kò ní mu omi, kò sì ní yọ̀. Rọ́bà irú èyí tí aláìsàn ń kì bọ̀ fúnra rẹ̀, tó sì ń yọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nínú omi ni kí ẹ rì í sí fún 30 ìṣẹ́jú àáyá, tàbí iye tí páálí bá kọ. Ẹ má fi òwú nù ún. Ẹ má sì jẹ́ kó gbẹ kí ẹ tó fà á jáde, torí á lẹ̀ mọ́ ara.

Ẹni tó bá fẹ́ tajà fún ilé ìwòsàn lè mú àwòrán wá níbi tí kòkòrò ti kú yí ègé rọ́bà tuntun ká. Ìyẹn ò tó. Ẹ bi í nípa ègé tí wọ́n ti rì sínú ìtọ̀ àtọwọ́dá fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí wọ́n ti tẹ̀, tí wọ́n sì ti fà kọjá láàárín ohun tó fún un mọ́ra lọ́pọ̀ ìgbà, kí wọ́n tó fi Proteus dán an wò.

Ní ti ẹni tí rọ́bà wà lára rẹ̀, èyí tí wọ́n fi PTFE bò kì í kọjá ọjọ́ 28, sílíkónì kì í kọjá ọ̀sẹ̀ 12. Òpin ni iye yẹn, kì í ṣe ìlérí. Ẹ máa bi dókítà lójoojúmọ́ bóyá ó ṣì yẹ kó wà níbẹ̀. Kí àpò ìtọ̀ tó wà níta máa wà nísàlẹ̀ ju àpò ìtọ̀ inú ara lọ, kó má kan ilẹ̀, kí ẹ má sì máa tú u kúrò lára rọ́bà láìnídìí. Ẹ má fi Vaseline kan rọ́bà latex, torí epo ń jẹ ẹ́. Tí ìtọ̀ bá sì dédé dáwọ́ dúró tàbí tó ń jò gba ẹ̀gbẹ́ rọ́bà, ẹ pe nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀, ó ṣeé ṣe kí òkúta ti dí i.