Ìjàkadì Cornwall

Ìjàkadì Cornwall ni eré ìjàkadì àbáláyé àwọn ará Cornwall, ní ìpẹ̀kun gúúsù-ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Richard Carew ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé tó kọ lórí agbègbè náà lọ́dún 1602, eré náà sì ti gbilẹ̀ nígbà yẹn. Wọ́n máa ń sọ pé àsíá àwọn ọmọ ogun Cornwall nínú ogun Agincourt ní ilẹ̀ Faransé, lọ́dún 1415, ní àwòrán oníjàkadì méjì lára. Ewì tí wọ́n kọ ní nǹkan bí igba ọdún lẹ́yìn ogun náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti wá, kò yẹ kéèyàn gbára lé e jù.

Inú jákẹ́ẹ̀tì ni ọgbọ́n eré náà wà. Kánfáàsì tó nípọn ni wọ́n fi ń rán an. Apá rẹ̀ kúrú, ó ṣò lára, okùn ni wọ́n sì fi ń so ó níwájú. Òun nìkan ni oníjàkadì lè dì mú. Ẹni tó bá di ṣòkòtò tàbí ẹsẹ̀ ẹnì kejì mú ti rú òfin, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó bá fi ọrùn aṣọ fún un lọ́rùn. Jákẹ́ẹ̀tì tó bá fún mọ́ni lára máa ń ba ìjà jẹ́, torí ọwọ́ kò ní rí ibi dì.

Orí ìdúró ni wọ́n ti ń jà. Kò sí ìjà ilẹ̀ rárá. Ẹni tó bá fẹ́ borí gbọ́dọ̀ dá ẹnì kejì, kí ẹ̀yìn rẹ̀ sì lélẹ̀ gbalaja: nínú èjìká méjì àti ìbàdí méjì, ó kéré tán, mẹ́ta gbọ́dọ̀ kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí orúnkún tàbí ọwọ́ bá ṣáájú wọn kanlẹ̀, kò kà, wọ́n á tún un bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tí wọ́n ti gbé sókè fi máa ń yíra padà kó tó balẹ̀, kó lè fi ẹ̀gbẹ́ tàbí orúnkún gba ilẹ̀. Adájọ́ mẹ́ta tó mú ọ̀pá lọ́wọ́ ló ń wò ó.

Àwọn ará Devon, aládùúgbò wọn, ń wọ bàtà jà, wọ́n sì ń ta ara wọn nípàá lójúgun. Ọ̀rọ̀ bàtà yìí dá awuyewuye sílẹ̀ gan-an. Ní 23 Oṣù Kẹwàá, 1826, James Polkinghorne láti Cornwall kojú Abraham Cann láti Devon ní Devonport, níwájú èrò tó lé ní 10,000. Cann wọ bàtà; Polkinghorne kò wọ̀. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ lórí ìṣubú tó kà àti èyí tí kò kà, ọ̀mì sì ni wọ́n fi parí rẹ̀.

Eré náà dé ibi tó jìnnà sí Cornwall pẹ̀lú. Sir Thomas Parkyns, ọlọ́lá kan ní abúlé Bunny ní Nottinghamshire, tẹ ìwé ẹ̀kọ́ jáde lórí rẹ̀ lọ́dún 1713, ó sì dá ìdíje ọdọọdún sílẹ̀ ní abúlé rẹ̀. Ère rẹ̀ tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì ibẹ̀ dúró bí ẹni tó fẹ́ wọ̀yá ìjà.

Ọdún 1923 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ tó ń darí eré náà ní Cornwall sílẹ̀. Lábẹ́ òfin ẹgbẹ́ yìí, bàtà kò wọ agbo: ẹsẹ̀ lásán tàbí ìbọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi ń jà.